Ọjọ́ Tí Màmá Dígí Pe “Kò Mọ́”

Ẹni tó bá ń wá ìjà, kó lọ fi ìka kan dígí Màmá Dígí. Kì í ṣe dígí ojú fèrèsé là ń wí o, kì í sì í ṣe dígí tí a fi ń wojú. Èyí tí à ń wí yìí rí roboto bí agolo tí wọ́n gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, ó nípọn, ó mọ́ gaara, inú ẹ́ńjìnnì ló sì wà. Bẹ́ẹ̀ ni, inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má tíì mirí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná.

Ilé-iṣẹ́ tí Màmá Dígí ti ń ṣiṣẹ́ kì í ta ọkọ̀, wọn kì í sì í tún ọkọ̀ ṣe. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n ń wọn bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe ń pò pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ìta ni epo bẹntiróòlù ti ń pàdé afẹ́fẹ́, wọ́n á ti dàpọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Àwọn ọkọ̀ tòde òní kò ní sùúrù yẹn. Inú ihò tí iná ti ń jó gan-an ni wọ́n ń fọ́n epo sí tààrà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, epo ọ̀hún gbọ́dọ̀ ti bá afẹ́fẹ́ pò dọ́gba, kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i. Bó bá ki jù níbì kan, èéfín dúdú ló máa tú jáde. Bó bá sì fẹ́lẹ́ jù níbòmíràn, kò ní gbiná. Bí ìgbà tí ẹ ń po ìyẹ̀fun mọ́ omi ni: kókó ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ta ló ń ríran kọjá irin? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ irin kúrò, tí wọ́n fi dígí rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á wá po èròjà kan mọ́ epo, èròjà tó jẹ́ pé bí iná léésà bá ti bà á báyìí, á tàn. Kámẹ́rà á ya fọ́tò. Ibi tó bá tàn yòò, epo ló pọ̀ níbẹ̀. Ibi tó bá ṣókùnkùn, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá wọn ìmọ́lẹ̀ náà níbi gbogbo, á sì sọ bí àpòpọ̀ ọ̀hún ṣe rí. Ó tán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ Màmá Dígí ni pé kí dígí yẹn mọ́. Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á fi bébà tuntun nù ún, wọ́n á sì ya fọ́tò kan láìfọ́n epo rárá, kí wọ́n lè mọ ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ ti dígí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ tó dúró, èéfín á ti bo dígí, á sì tún nù ún. Èéfín yìí kì í gbọ́ ti bébà, aṣọ ni wọ́n fi ń nù ún. Òun nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Bó bá nù ún tán, á tẹ̀ síwájú, á tẹ̀ sẹ́yìn, á tẹ orí sọ́tùn-ún, á tẹ̀ ẹ́ sósì, á wá pariwo tí wọ́n á gbọ́ títí dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí: “Ó mọ́!” Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè tan léésà. Bí kò bá tíì pè é, ọ̀gá pátápátá ni ì báà jẹ́, á dúró. Bó bá sì ti pè é, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri.

Nílé náà, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá fi ife mumi, kó tó gbé e kalẹ̀, ìyàwó ti gbà á, ó ti gbé e sókè sí ojú iná, ó ń wá ibi tí ìka kàn. Ọkọ a máa sọ pé, “Mo rò pé ìyàwó ni mo fẹ́, àṣé ẹni tó ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu ibodè ni mo gbé wálé.”

Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ọkọ rẹ̀ wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà tó kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju kó jókòó sójú fèrèsé kó máa bú àwọn awakọ̀ tó ń kọjá: “Wo ẹni yìí! Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́nà nìyẹn? Ta ló fún un níwèé?” Ẹ rí i, ọkùnrin tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti kó ọmọ ọlọ́mọ délé láyọ̀, bó bá jókòó lásán, ara á máa yún un. Nígbà tí ọwọ́ tó dilẹ̀ yìí sú u, ló bá gba aṣọ fífọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó. Háà! Iṣẹ́ dé! Ọkùnrin yìí á rẹ aṣọ, á bó o, á tún un rẹ. Ọṣẹ oníyẹ̀fun kan wà tó ń lò, kì í fi í ṣeré, orí àpótí aṣọ ló ń gbé e pamọ́ sí. Bó bá sá aṣọ funfun sórí okùn, ẹni tó ń kọjá lójú títì á dijú. Àwọn aládùúgbò ń wá bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é. Á ní, “Ọwọ́ ni, kì í ṣe ọṣẹ.” Inú rẹ̀ á sì dùn títí di alẹ́.

Lópin ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ìnudígí níbi iṣẹ́ dákẹ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá Dígí kó àwọn aṣọ náà wá sílé. Omi gbígbóná lásán ni òfin ibi iṣẹ́ wí, omi gbígbóná lásán ló sì fi ṣan wọ́n. Ó sá wọn sẹ́yìn ilé, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ó kó wọn, ó kì wọ́n sínú báàgì, ó kó wọn padà síbi iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa dán iṣẹ́ Ẹnjiníà Kékeré wò. Ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun ló kéré jù nínú gbogbo àwọn ẹnjiníà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé síbi iṣẹ́, kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ó na ìka, ó fi kan dígí. Igbe tí Màmá Dígí ké lọ́jọ́ náà, báàgì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di ìyá àti ọmọ. Ọmọ yìí ló ya nọ́súlù tuntun kan, ìyẹn ẹnu kékeré tí epo ń gbà fọ́n jáde sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì to àwọn ihò ojú rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò ṣe tò ó rí. Ó ti tìtorí nọ́súlù náà sún ìgbéyàwó síwájú. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kì í tún pè é ní nọ́súlù mọ́. Á ní, “Orogún mi ńkọ́? Ṣé ó jẹ́ kó o sùn?”

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà ni Ọ̀gá, ẹni tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, máa pinnu. Bí fọ́tò bá fi hàn pé epo rẹ̀ ń pò dáadáa, wọ́n á gbé nọ́súlù náà lọ fún àwọn tó ń ṣe ọkọ̀. Bí kò bá pò, wọ́n á jù ú sínú àpótí, wọ́n á sì mú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ èyí, ọmọ náà ò sì lè jẹun.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Fọ́tò àárọ̀ dára. Èyí tó tẹ̀ lé e dára. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ tó dúró, tí Màmá Dígí nu dígí tó pè é pé ó mọ́, wọ́n tan léésà, wọ́n fọ́n epo, ni nǹkan kan bá tàn yòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ dígí. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tó bá tàn, epo ni. Ọ̀gá na ọwọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Epo ń lu ògiri. Kò dúró pò mọ́ afẹ́fẹ́ rárá, ara dígí ló ń lọ lẹ̀ mọ́.”

Ẹnjiníà Kékeré dín agbára tí epo fi ń fọ́n kù. Ó ń tàn. Ó yí àsìkò tó ń fọ́n padà. Ó tún ń tàn sí i. Màmá Dígí ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, bóyá epo àárọ̀ ló gbẹ síbẹ̀.” Ó ká apá aṣọ, ó dojú kọ ibẹ̀ gan-an, ó nù ún yíká, ó tún un nù, ó mí ìmí gbígbóná lé e, ó tún un nù. “Ó mọ́!” Wọ́n tan léésà. Yéè! Ó wá ń tàn bí òṣùpá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí di Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i ni ibẹ̀ ń tàn sí i. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí wọ́n fi bébà tuntun nù ún, á dára, tó bá di ọ̀sán, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní bí epo tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, ta ló fẹ́ já a nírọ́?

Lọ́jọ́ Ẹtì, ojú ọmọ náà ti wú. Màmá Dígí ń wò ó, ọkàn rẹ̀ ń dà rú. Ìdààmú ọkàn yìí ló jẹ́ kó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì lè pe “Ó mọ́” láìsí awò. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù pé, “Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú awò mi wá. Orí tẹlifíṣọ̀n ló wà.”

Kí ọkọ tó dé, Ọ̀gá ní kí wọ́n wo nǹkan kan kẹ́yìn, kí wọ́n má bàa ṣe ọmọ náà ní àìdáa. Ó ní bóyá nọ́súlù ń jò ni. Wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí iná rẹ̀ rí bí àwọ̀ àlùkò, bí epo wọn bá jò síbì kan, tí wọ́n pa iná yàrá tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì yìí, ibẹ̀ á tàn. Wọ́n pa léésà, wọ́n pa iná. Ọ̀gá mú tọ́ọ̀ṣì, ó ń tan án kiri ara ẹ́ńjìnnì. Àfi gbì, ẹnì kan ṣílẹ̀kùn. “Ẹ kú iṣẹ́ o! Èéṣe tẹ́ ẹ wà lókùnkùn, ṣé wọ́n ti já iná yín ni?”

Ọ̀gá yí tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ̀wù funfun ọkọ Màmá Dígí bá gbiná! Kì í ṣe iná tó ń jó o, ìmọ́lẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ò hàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò hàn, ẹ̀wù nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń tàn roro, tó mú awò ojú dání. Ẹnjiníà Kékeré pariwo, ẹ̀rín sì gbé e lulẹ̀ sórí àga. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀rín àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá náà ń rẹ́rìn-ín, tọ́ọ̀ṣì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọkùnrin yẹn, ó la apá, ó yí po kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn. “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Mo ní ọwọ́ ni, kì í ṣe ọṣẹ!”

Màmá Dígí ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ó jọ pé bí a bá ń rẹ́rìn-ín náà nìyẹn. Ẹ̀rín ọ̀hún dá lẹ́nu rẹ̀ wàá. Ó wo ẹ̀wù, ó yíjú wo èjìká ara rẹ̀ níbi tó fi aṣọ ìnudígí kọ́. Aṣọ náà ń tàn. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Ọ̀gá, kò tọrọ gáfárà, ó tan án sí dígí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó rí róbótó, róbótó, ọ̀kan nínú èkejì. Ó mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń yí nìyẹn bó bá ń nu dígí.

“Bàbá wọn,” ó rọra pè é, “àwọn aṣọ tí mo sá sẹ́yìn ilé lópin ọ̀sẹ̀, ṣé ẹ fọwọ́ kàn wọ́n?”

“Fọwọ́ kàn wọ́n kẹ̀? Mo tún wọn fọ̀ ni! Omi lásán lo fi ṣan wọ́n, ojú tì mí fún ọ. Mo rẹ wọ́n sínú ọṣẹ mi, mo bó wọn dáadáa, mo sá wọn padà síbi tó o sá wọn sí. Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu ni.”

“Ó yà mí lẹ́nu,” Màmá Dígí wí.

Wọ́n ti tan iná yàrá. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tó kàn yìí rọrùn. Obìnrin yìí kò ní oyè, kò ní ilé ńlá, ohun tó ní kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lọ, kò sì sẹ́ni tó tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ọkọ rẹ̀ sì dúró níbẹ̀, apá rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Bó bá sọ ọ́, ojú á ti àwọn méjèèjì. Bó bá dákẹ́, tó fi bébà nù ún wẹ́rẹ́ tó ní “ó mọ́”, ta ló máa gba fọ́tò kan ṣoṣo gbọ́ lórí gbogbo èyí tí wọ́n ti yà láti ọjọ́ Ajé? Ó wo Ẹnjiníà Kékeré, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má tíì pinnu nǹkan kan. Kò mọ́.”

“Kí ni kò mọ́?”

“Dígí mi. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń pè é pé ó mọ́. Kò mọ́. Ọṣẹ wà nínú aṣọ mi, ọṣẹ tó ń tàn. Èmi ni mo ń fọwọ́ ara mi kùn ún síbẹ̀.”

Ọ̀gá yọ awò ojú tirẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Orí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. “Ẹ ti epo pa,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò láìsí epo, ẹ fi dígí sílẹ̀ bó ṣe wà yẹn.” Wọ́n yà á. Ẹ̀kán epo kan ò sí nínú ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ sì ń tàn yòò bí ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀gá bá gbá àtẹ́wọ́. “Ẹ gbà mí! Ṣé ọṣẹ la ti ń wọ̀n látọjọ́ yìí? Ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ kí aṣọ lè funfun, bí iná wa bá bà á, òun náà ń tàn bí èròjà inú epo! Èmi náà ló yẹ kí n ti ya fọ́tò yìí látọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àárọ̀ nìkan là ń yà á, àárọ̀ tí a ń fi bébà nù ún!”

Màmá Dígí wọ awò rẹ̀. Ó mú bébà tuntun àti sípíríìtì, ó fọ dígí, ó nù ún, ó tún un fọ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ orí sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì. Kàkà kó wá pariwo, ó na tọ́ọ̀ṣì sí Ẹnjiníà Kékeré. “Bá mi wò ó, ọmọ mi.” Ọmọ náà wò ó pẹ́. Òun ló pè é: “Ó mọ́.”

Wọ́n tan léésà, wọ́n fọ́n epo. Fọ́tò jáde. Kò sí òṣùpá kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀. Epo náà tẹ́ káàkiri, ó bá afẹ́fẹ́ pò láìní kókó, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀. Wọ́n tún un yà, wọ́n tún un yà, bákan náà ni. Ọ̀gá bọ ọmọ náà lọ́wọ́, ó kí i kú oríire. Ọmọ fò mọ́ Màmá Dígí, lẹ́yìn náà ó gbé fóònù: “Ìwọ! Orogún rẹ ti yege o! Lọ wá ọjọ́ tá a máa ṣègbéyàwó!”

Nínú ariwo yẹn, Màmá Dígí wò yíká, kò rí ọkọ rẹ̀. Ìta ló bá a, lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ó ká apá mọ́ àyà bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀wù rẹ̀ pamọ́.

“Àṣejù, baba àṣetẹ́,” ó wí, kò gbójú sókè. “Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kó ọmọ ọlọ́mọ délé láyọ̀. Mo wá fi ọṣẹ da iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ nù sójú títì.”

Màmá Dígí jókòó tì í. Inú rẹ̀ bàjẹ́ fún un, inú rẹ̀ sì tún ń dùn, ó ní kí òun sọ ọ́ bó ṣe rí. “Bàbá wọn, bí ẹ ò bá fọ̀ ọ́, a ò ní wọ wàhálà. Ìyẹn ò ṣe é jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá wọ ẹ̀wù yẹn wá lónìí, àpótí ni wọn ì bá ju iṣẹ́ ọmọ yẹn sí. Ẹ̀yin náà lẹ gbé e délé.”

Ọkọ wò ó. “Òótọ́?”

“Ẹ ò gbọ́ igbe wọn nínú ilé ni?”

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ibi iṣẹ́ ò tíì sọ̀rọ̀ títí di òní. Ilé ni àwọn aṣọ ìnudígí ń wá. Omi gbígbóná lásán ni bàbá ń fi ṣan wọ́n, ọṣẹ rẹ̀ ò gbọdọ̀ sún mọ́ yàrá tí wọ́n bá wà. Ẹnjiníà Kékeré fún un ní tọ́ọ̀ṣì àlùkò kan. Bí aṣọ bá gbẹ, á kó wọn wọ ibi ìkẹ́rùsí tó ṣókùnkùn, á ti ilẹ̀kùn mọ́ra, á máa fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì. Láìpẹ́, ẹ ó gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn títí dé ojú títì, bí ẹni tó ń pe àwọn ọmọ ilé-ìwé wọ ọkọ̀:

“Kò funfun o, ṣùgbọ́n ó mọ́!”

Màmá Dígí, tí ife omi lásán kì í kọjá lójú rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, á gba àwọn aṣọ náà, á kì wọ́n sínú báàgì, á sì máa lọ síbi iṣẹ́. Kì í tún wọn wò.